Láti Odawna Gun Òkè Akuapem: Ìrìn Àjò Ọjọ́ Kan fún Tòbí Tọmọ

Odò wà nínú orúkọ Odawna. Odaw ni odò tó ń gba ẹ̀gbẹ́ Kwame Nkrumah Circle kọjá ní Accra, tó ń lọ sínú ọ̀sà Korle, tó sì ń ti ibẹ̀ bọ́ sínú òkun. Ní èdè Ga, naa ni ẹnu, òun náà ni wọ́n sì fi ń pe etí omi. Ohun tí Yorùbá ń pè ní etí odò, ẹnu odò ni lọ́dọ̀ àwọn Ga. Etí odò Odaw ni Odawna, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn tó wà ní Circle ní alẹ́ ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà ọdún 2015 kò nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ orúkọ yìí fún wọn. Òjò rọ̀, omi kún àkúnya, iná sì sọ ní ilé epo tí àwọn èèyàn sá òjò sí. Àwọn tó kú lé ní 150.

Ṣùgbọ́n Odawna kọ́ ni odò náà ti bẹ̀rẹ̀. Láti òkè Akuapem ló ti ń ṣàn bọ̀, ìyẹn òkè gbọọrọ tí ẹ máa ń rí níhà àríwá Accra nígbà tí ojú ọjọ́ bá mọ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tí a bí sí Accra ni kò tíì débẹ̀ rí. Gọ́tà dúdú ni wọ́n mọ odò náà sí. Àwọn àgbà sì ní odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Ẹni tó ń gbé etí odò lè fi ọjọ́ Sátidé kan lọ wo òkè tí omi náà ti ń bọ̀, pàápàá nígbà tí àwọn ìlú àtijọ́ bí Aburi, Mampong àti Akropong wà lórí òkè ọ̀hún, tí ìtàn kún inú wọn. Mo tún ní ìdí mìíràn tí mo fi fẹ́ kí àwọn òbí wa mú ọmọ lọ síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ èdè ni, a ó sì máa bá a pàdé lójú ọ̀nà.

Àwọn ọmọ á kọ́kọ́ béèrè bóyá reluwé ń débẹ̀. Ìbéèrè gidi ni. Ní Ítálì, èèyàn lè wọ reluwé ní Róòmù láàárọ̀, kó sọ̀kalẹ̀ ní ìsàlẹ̀ òkè Orvieto, kí ọkọ̀ tí wọ́n ń fi wáyà fà gbé e gun òkè lọ sínú ìlú àtijọ́ náà, kó sì padà sílé lálẹ́. Nílé wa náà, láti oṣù Kẹfà ọdún 2021 tí reluwé tuntun ti ń sáré láàárín Èkó àti Ìbàdàn, èèyàn lè sọ̀kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ Wọlé Ṣóyínká ní Láderin, kó lọ gun Òkè Olúmọ ní Abẹ́òkúta. Akuapem kò rí bẹ́ẹ̀. Ojú irin tó kúrò ní Accra, tó dé Kumasi lọ́dún 1923, gba Nsawam àti Koforidua kọjá. Ẹsẹ̀ òkè ló gbà, kò gun òkè. Kí ojú irin tó dé, orí ni àwọn ará òkè fi ń ru kòkó sọ̀kalẹ̀, tàbí kí wọ́n rọ ọ́ sínú àgbá, kí wọ́n máa yí àgbá náà lójú ọ̀nà lọ sí etí òkun. Nítorí náà, trotro la ó wọ̀.

Ẹ jáde nílé ní nǹkan bí aago mẹ́fà àárọ̀ kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Láti Circle, ẹ wọ ọkọ̀ Madina tàbí Adenta. Níbẹ̀ ni ẹ ó ti rí ọkọ̀ tó ń gun òkè. Ẹ mú aṣọ òtútù fún àwọn ọmọ kékeré, nítorí òkè náà ga ju mítà 400 lọ, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ sì máa ń tutù láàárọ̀. Bí ọkọ̀ bá ti kọjá Ayi Mensah, ọ̀nà á bẹ̀rẹ̀ sí í yí kọ́lọkọ̀lọ, etí àwọn ọmọ á dí díẹ̀, Accra á sì tẹ́ pẹrẹsẹ sí ìsàlẹ̀ lẹ́yìn yín.

Peduase

Ilé tí ẹ ó kọ́kọ́ rí nígbà tí ọkọ̀ bá gun òkè tán ni Peduase Lodge, ilé ìsinmi tí wọ́n kọ́ fún olórí orílẹ̀-èdè nígbà ìjọba Kwame Nkrumah. Láti ojú títì ni ẹ ó ti wò ó. Síbẹ̀, kò sí ọmọ Nàìjíríà tó yẹ kó gba iwájú rẹ̀ kọjá láìmọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ní ọjọ́ 4 àti 5 oṣù Kínní ọdún 1967, ibẹ̀ ni Gowon àti Ojukwu ti jókòó lórí ọ̀rọ̀ Nàìjíríà. Ọ̀gágun Ankrah tó ń ṣe olórí Gánà nígbà náà ló gbà wọ́n lálejò. Adeyinka Adebayo, gómìnà Ìwọ̀-Oòrùn, wà níbẹ̀, Mobolaji Johnson ti Èkó náà wà níbẹ̀, òun ni wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ pe ibùdókọ̀ reluwé Ebute Metta lónìí.

Wọ́n fẹnu kò. Nígbà tí oníkálùkù padà sílé, ohun tí Èkó ní àwọn gbọ́ ní Aburi yàtọ̀ sí ohun tí Enugu ní àwọn gbọ́. Ní ọjọ́ 6 oṣù Keje ọdún yẹn, ogun bẹ̀rẹ̀. Bí bàbá àgbà tàbí ìyá àgbà bá wà nínú ọkọ̀ pẹ̀lú yín, ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ìyókù. Ìtàn tí ọmọ gbọ́ ní iwájú ilé tó ti ṣẹlẹ̀ kì í tètè kúrò lọ́kàn rẹ̀.

Aburi

Ọgbà ohun ọ̀gbìn Aburi ni ibi tí àwọn ọmọ yóò fẹ́ràn jù. Ọdún 1890 ni wọ́n ṣí i. Olùtọ́jú rẹ̀ àkọ́kọ́ ni William Crowther, òyìnbó tó wá láti ọgbà Kew ní Lọ́ńdọ̀nù. Crowther yìí kì í ṣe Àjàyí wa o! Ọ̀pẹ gíga tò sí ọ̀tún àti òsì ọ̀nà tó wọ inú ọgbà, hẹlikọ́pítà àtijọ́ kan wà lórí koríko tí àwọn ọmọdé máa ń gùn, igi tí ẹ kò rí ní Accra sì pọ̀ níbẹ̀ lóríṣiríṣi. Láti inú ọgbà yìí ni wọ́n ti ń pín irúgbìn kòkó, rọ́bà àti àwọn igi mìíràn fún àwọn àgbẹ̀ láyé ìjọba òyìnbó. Ẹ jẹ oúnjẹ àárọ̀ yín níbẹ̀ lábẹ́ igi. Bí ẹ kò bá gbé oúnjẹ dání, bọ̀ọ̀lì àti ẹ̀pà kì í wọ́n lójú títì, ọ̀pẹ̀ òyìnbó náà kò sì ní wọ́n yín.

Mampong

Ìlú tí kòkó Gánà ti fìdí múlẹ̀ nìyí. Tetteh Quarshie, alágbẹ̀dẹ ará etí òkun Accra, ló mú èso kòkó bọ̀ láti erékùṣù Fernando Po lọ́dún 1876, ó sì gbìn ín sí Mampong lọ́dún 1879. Oko náà wà níbẹ̀ títí di òní, wọ́n sì máa ń mú àlejò yí i ká. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ pé ní nǹkan bí ìgbà yẹn gan-an, ní 1880, J. P. L. Davies gbin kòkó sí oko rẹ̀ ní Ijon, nítòsí Agége. Owó kòkó ló kọ́ Ilé Kòkó tó wà ní Dùgbẹ̀ ní Ìbàdàn. Àwọn ará Mampong àti àwọn aládùúgbò wọn ní tiwọn fi owó kòkó ra ilẹ̀ oko sí ìwọ̀-oòrùn, ìran wọn sì tàn ká.

Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dúró wò jù ní Mampong kì í ṣe kòkó. Ilé ìwé àwọn adití ni. Andrew Foster, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú tí òun fúnra rẹ̀ di adití nígbà èwe, ló dá a sílẹ̀ ní Accra lọ́dún 1957. Lọ́dún 1959, ó gbé e lọ sí Mampong. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló dá ilé ìwé adití sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Kí ó tó dé, ọ̀pọ̀ òbí gbà pé adití kò lè kàwé. Foster fi ara rẹ̀ ṣe ẹ̀rí.

Ní ẹsẹ̀ òkè yìí kan náà ni abúlé Adamorobe wà. Láti ìrandíran ni adití ti pọ̀ níbẹ̀, tó fi jẹ́ pé abúlé náà ní èdè ọwọ́ tirẹ̀, tí kò bá ti Amẹ́ríkà tan rárá. Àwọn tí etí wọn gbọ́ràn náà ń fi ọwọ́ sọ ọ́. Ìyá ń fi pe ọmọ wá jẹun, ọ̀rẹ́ ń fi bá ọ̀rẹ́ ṣàwàdà. Àwọn onímọ̀ èdè ti wá láti ọ̀nà jíjìn láti kọ́ nípa rẹ̀. Nígbà tí ilé ìwé dé, àwọn ọmọ Adamorobe lọ ń gbé ní ilé ìwé Mampong. Èdè ọwọ́ tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀ ni èyí tí Foster mú wá láti Amẹ́ríkà, tó ti di ti gbogbo Gánà. Wọ́n mọ̀wé, wọ́n sì lè bá adití láti ìlú mìíràn sọ̀rọ̀. Oore ńlá ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá padà sílé fún ọlidé, èdè ilé ìwé ni wọ́n ń bá ara wọn sọ. Èdè àwọn ìyá àgbà wọn ti ń kúrò lọ́wọ́ àwọn ọmọ díẹ̀díẹ̀. Kò sí ẹni tó fi òfin dè é. Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ju pé àwọn ọmọ kò rí ẹgbẹ́ wọn tí wọn yóò máa bá sọ ọ́.

Akropong

Ẹ gba Amanokrom àti Mamfe kọjá, ẹ ó dé Akropong. Ìtumọ̀ orúkọ náà ni Ìlú Ńlá: ní Twi, kurow ni ìlú, pɔn sì ni ńlá. Ibẹ̀ ni ààfin Okuapehene, ọba gbogbo Akuapem. Bí ẹ bá lọ ní oṣù Kẹsàn-án tàbí Kẹwàá, ẹ lè bá Odwira pàdé, ọdún ìwẹ̀nùmọ́ àti iṣu tuntun wọn. Láti ọdún 1826 ni wọ́n ti ń ṣe é níbẹ̀, lẹ́yìn tí ogun Akatamanso parí.

Lọ́dún 1835, míṣọ́nnárì kan tó ń jẹ́ Andreas Riis, tí ẹgbẹ́ Basel rán wá, gun òkè yìí. Ibà ti pa àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní etí òkun. Òkè tutù, ó sì yè. Lọ́dún 1843, ó mú àwọn Kristẹni aláwọ̀ dúdú wá láti Jàmáíkà àti Antigua. Wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ sílẹ̀ lọ́dún 1848, ó sì wà títí di òní. Nítorí pé òkè yìí ni òyìnbó ti lè gbé láìkú, Twi ti Akuapem ni wọ́n kọ sílẹ̀ ṣáájú ti Kumasi.

Ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà jù ni J. G. Christaller, ará Jámánì. Bíbélì Twi jáde lódindi lọ́dún 1871, ìwé gírámà lọ́dún 1875, àkójọ òwe 3,600 lọ́dún 1879, ìwé atúmọ̀ èdè sì tẹ̀ lé e lọ́dún 1881. Òun nìkan kọ́ ló ṣe é. David Asante, ọmọ Akropong tó lọ kàwé ní Basel, wà lára àwọn ọmọ ilẹ̀ tó ṣiṣẹ́ ọ̀hún pẹ̀lú rẹ̀, ẹnu àwọn àgbà ìlú ni òwe náà sì ti wá. Bíbélì Ga ti ṣáájú ní 1866. Bíbélì Yorùbá tiwa, tí Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ túmọ̀, pé lódindi ní 1884. Ẹ bá àwọn ọmọ to ọdún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí síra. Wọn yóò rí i pé ọmọ ìyá kan náà ni èdè tí wọ́n ń kọ́ nílé ìwé ní Accra àti èdè tí a ń sọ nílé. Ìgbà kan náà ni a kọ gbogbo wọn sílẹ̀, iṣẹ́ kan náà sì ni àwọn tó kọ wọ́n ṣe.

Ilé ẹ̀kọ́ gíga kan wà ní Akropong tó ń jẹ́ Akrofi-Christaller Institute. Christaller la ti gbọ́. Ta ni Akrofi? C. A. Akrofi ni ọmọ ilẹ̀ tó fi Twi kọ ìwé gírámà Twi, ó sì jáde lọ́dún 1937. Ọmọ Apirede ni, níwájú díẹ̀ lórí òkè kan náà, níbi tí èdè ilé kì í ti í ṣe Twi. Èdè Guan ni wọ́n ń sọ ní Apirede, òun náà ni wọ́n ń sọ ní Abiriw tó fara kan Akropong, àti ní Larteh. Ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé ni Twi fi jẹ́ èdè ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ìwé fún àwọn ìlú wọ̀nyí. Síbẹ̀, Guan kò kú. Ẹ rìn dé Abiriw, ẹ tẹ́tí sí àwọn ọmọdé. Àwọn òbí wọn kò dúró de Bíbélì tàbí olùkọ́ kí wọ́n tó bá ọmọ sọ èdè ilé.

Ẹnì kan ṣì kù tí a gbọ́dọ̀ dárúkọ. Ephraim Amu, ọmọ Ewe láti Peki, ṣe olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ Akropong láti 1926. Lọ́dún 1931, ó wọ aṣọ ìbílẹ̀ gun àga ìwàásù. Wọ́n bá a wí. Kò jáwọ́ nínú aṣọ àti orin ìbílẹ̀, wọ́n sì dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́ lọ́dún 1933. Orin rẹ̀ Yɛn Ara Asaase Ni, tí gbogbo ọmọ iléèwé Gánà mọ̀ bí ẹní mowó, Ewe ló kọ́kọ́ kọ ọ́, kó tó di Twi. Ọkùnrin náà mú èdè ìyá rẹ̀ wá sí ìlú onílùú, ó fi kọrin, ìlú onílùú sì gba orin náà bíi tirẹ̀.

Àwa ńkọ́?

Kì í ṣe àna ni Yorùbá dé Gánà. Ní James Town, àdúgbò kan wà tó ń jẹ́ Ngleshie Alata. Alata ni Ga àti Twi ń pe àwa tí a ti ìhà Nàìjíríà wá. Àwọn èèyàn wa kan ní "aláta" ni, nítorí àwọn ìyá wa tó ń ta ata, ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ ìtàn tọpa rẹ̀ dé ìlú Allada ní Benin. Lẹ́yìn náà ni àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀ffà, Ìlọrin àti àwọn ìlú mìíràn dé, tí wọ́n ń tajà láti Accra títí dé Tamale. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia fún àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n kó ẹrù wọn. Lára àwọn tó padà sílé ni ọmọ tí kò rí ìlú baba rẹ̀ rí wà. Ohun tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè fi wọ agbolé baba rẹ̀, kí wọ́n sì mọ̀ ọ́n lọ́mọ, kò ju èdè tó wà lẹ́nu rẹ̀ lọ.

Ìyẹn ni mo fi ń sọ pé ìrìn àjò yìí kì í ṣe eré lásán. Mo ti gbọ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ òbí ní Accra pé Twi tí ọmọ ń sọ ló ń lé Yorùbá lọ. Òkè Akuapem kò jẹ́rìí sí i. Akrofi gbọ́ Twi ju àwọn onítwi lọ, Amu fi Twi kọrin, èdè ilé ẹnikẹ́ni nínú wọn kò sì tìtorí rẹ̀ kú. Ibi tí èdè ti ń bọ́ ni ibi tí ọmọ kò ti rí ẹni bá sọ ọ́ mọ́, bíi ti Adamorobe. Ní Odawna, ọjà ń sọ Twi àti Ga, ilé ìwé ń sọ Gẹ̀ẹ́sì. Bí a bá délé lálẹ́, tí àwa náà ń fi Gẹ̀ẹ́sì pàṣẹ fọ́mọ, a kò gbọdọ̀ di ẹ̀bi ru Twi. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Nítorí náà, ẹ fi ọjọ́ kan yìí dánra wò. Láti ìgbà tí ẹ bá ti wọ ọkọ̀ Madina, Yorùbá ni kí gbogbo ilé sọ. Kí àwọn ọmọ ka Twi tó wà lára ọkọ̀ àti pátákó ojú ọ̀nà, kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ fún yín sí Yorùbá. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá há, ẹ fún wọn ní ọ̀rọ̀ náà, ẹ má bínú, ẹ má sì fi wọ́n ṣẹ̀sín. Òwe kan láti ẹnu bàbá, òwe Twi kan láti ẹnu ọmọ, títí ẹ ó fi dé Akropong.

Ẹ rí i pé ẹ wọ ọkọ̀ ìpadàbọ̀ kí aago mẹ́rin tó kọjá, kí ilẹ̀ má baà ṣú bá yín nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Kí ẹ tó kúrò, ẹ yà sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ọṣẹ ní ọjà, kí ẹ sì rán ọmọ tó gbọ́ Twi jù láti ra ọṣẹ dúdú. Alata samina ni yóò béèrè, ọṣẹ àwọn Alata. Ẹ jẹ́ kó gba ọṣẹ náà, kó sanwó, kó sì gbé e bọ̀ wá bá yín, kí ẹ tó sọ fún un pé òun gan-an ni Alata tí wọ́n ń wí.